Ajá mi ń kùn: ṣé ìbínú ni gbogbo rẹ̀?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ajá ló gbé mi dé. Abo ni, àdàlù ajá ìbílẹ̀ àti Alsatian, láti kékeré ló sì ti wà lọ́dọ̀ wa. Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àmọ́ láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, bá kọjá níbi tó ti ń jẹun, á dáwọ́ jíjẹ dúró, ẹnu rẹ̀ á ṣì wà nínú abọ́, kò ní gbé orí sókè, á kàn máa ṣe "hùn-ùn-ùn" láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Bí a bá ń fa àkísà mọ́ ọn lẹ́nu ṣeré, ó tún ń kùn, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ á máa jù fìrìfìrì. Lóru, bí ọlọ́dẹ àdúgbò bá ń kọjá, á kọ́kọ́ kùn kó tó gbó. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fọwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó kùn sí mi. Èmi tí mò ń fún un lóúnjẹ!

Bàbá àwọn ọmọ ní ká nà án kó jáwọ́. Ìyá ọkọ mi ní ká tà á. Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan náà ni gbogbo kíkùn yìí ń sọ, àti èwo ló yẹ kí n bẹ̀rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Alájá Mẹ́ta, Abẹ́òkúta

Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú. Mo ti ń sin ajá kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbí. Ajá kì í kùn sí ẹni tó ń bọ́ ọ. Bó bá dán an wò lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, á rò pé òun ni ọ̀gá ilé. Ẹ wá pàṣán tín-ín-rín kan, kí ẹ nà án lójú ẹsẹ̀ tó bá kùn, kì í ṣe tó bá pẹ́. Kí ẹ sì gba abọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé e sókè, kó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni oúnjẹ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dákẹ́. Nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe ń sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ajá ya ọmọ ọlọ́mọ lójú.

Ọmọ Ọdẹ, Ṣakí

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ká èmi náà lára, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má na ajá yẹn torí pé ó kùn. Á dákẹ́ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ohun tó ń mú un kùn kò kúrò nínú rẹ̀, ohùn nìkan ni wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá tún kọjá, kò ní kùn mọ́, á kàn bù ú jẹ ni, gbogbo ilé á wá máa sọ pé kò sí ohun tó ṣe tẹ́lẹ̀, ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ṣàdédé. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́, wọ́n ní kó panu mọ́ ni.

Ọdẹ ni bàbá mi, ajá ló sì fi ń ṣọdẹ. Nínú igbó, ṣaworo tó wà lọ́rùn ajá ló ń sọ ibi tó wà fún wa, ọ̀fun rẹ̀ ló ń sọ ohun tó rí. Bí ọ̀yà bá wọ ihò, gbígbó ni ajá máa ń gbó, á máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì walẹ̀, ara rẹ̀ á yá gágá. Ti ejò yàtọ̀. Ajá á dúró gbagidi, á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á nà ró láti ọrùn dé ìdí ìrù, á wá máa kùn, ohùn náà á sì lọ sílẹ̀ débi pé bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, o lè má gbọ́. Bí bàbá mi bá ti gbọ́ èyí, á na ọwọ́ sẹ́yìn dá wa dúró. Kò sí ọdẹ tó máa na ajá nítorí irú kíkùn bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń gba ẹsẹ̀ ọdẹ lọ́wọ́ paramọ́lẹ̀.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Bí a bá kun ẹran tán, ajá kọ̀ọ̀kan ló ń gba ìfun tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á jìnnà síra wọn. A kì í da á sílẹ̀ fún wọn pọ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé ajá tó níwà jù lọ lè kùn nídìí oúnjẹ. Ẹ wá ibì kan fún un lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọdé kì í dé.

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Ẹ ǹ lẹ́ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Ọdẹ sọ nípa nínà, mo fọwọ́ sí i délẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ ìyá wa ni ti ẹ̀gbẹ́ orí yẹn. Ajá tí kò kùn sí yín rí, tó wá kùn nígbà tí ẹ fọwọ́ kan ojú ibì kan lára rẹ̀, ẹ gbà pé ibẹ̀ ń dùn ún títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò á fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń sọ fún yín pé "ẹ rọra" nìyẹn.

Etí ni mo fura sí. Ẹ má fipá ṣí i o. Ẹ jókòó síbì kan kí ẹ máa wò ó. Ṣé ó ń gbọn orí? Ṣé ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha etí kan ju èkejì lọ? Ṣé ó ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan? Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ṣé òórùn kíkan ń ti ibẹ̀ jáde? Eégbọn fẹ́ràn inú etí ajá gan-an, pàápàá lásìkò òjò, ibi tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ lè wú kó sì di egbò. Ẹ má da epo tàbí kẹrosínì sí i. Mo sì bẹ gbogbo yín tó ń ka èyí: ẹ má fi ọ̀tápíàpíà pa eégbọn lára ajá mọ́. Oògùn náà ń gba awọ wọ inú ara, ajá tún máa ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀. Wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ ajá wá bá mi tó ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò lè gbé e, nítorí ọ̀tápíàpíà tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀.

Bí etí bá mọ́, ẹ wo ikùn, abẹ́ apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sínú iyanrìn tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti kàn, tàbí sára aṣọ tútù tí a sá. Bí ajá bá sùn síbẹ̀, ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ. Yóò dà bí eéwo kékeré, ihò tín-ín-tín á wà lórí rẹ̀, bí ẹ bá sì tẹjú mọ́ ihò náà, ẹ ó rí nǹkan kan tó ń mì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdin ti ń mí. Ẹ fi Vaseline dí ihò náà dáadáa kó lè máa wá èémí bọ̀ wá sókè, kí ẹ tó rọra fún un jáde odindi. Ẹ má jẹ́ kó bẹ́ sínú. Ọmọ ajá tí irú èyí bá pọ̀ lára rẹ̀ á kùn sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé e, àwọn onílé á sì máa sọ pé òǹrorò ni.

Ó wá ku ti oúnjẹ. Bàbá Alájá Mẹ́ta, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n gbígba abọ́ lẹ́nu ajá tó ń kùn ń jẹ́ kó dá a lójú pé òótọ́ lòun ń bẹ̀rù: pé ẹni tó ń bọ̀ yìí, gbígbà ló fẹ́ gbà á. Òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Ẹ dúró níbi tó jìnnà tó tí kò fi ní kùn rárá. Ẹ ju ègé ẹran kan tàbí pọ̀nmọ́ sí i lẹ́bàá abọ́, ohun tó dùn ju èyí tó ń jẹ lọ, kí ẹ sì yí padà máa lọ. Ojoojúmọ́ ni o. Bó bá yá, bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ yín, á gbójú sókè, á máa retí. Ìgbà náà ni kí ẹ tó sún mọ́ ọn ní ìgbésẹ̀ kan sí i. Bó bá kùn lọ́jọ́ kan, ẹ ti yára jù, ẹ padà sẹ́yìn. Àgbàlagbà ni yóò ṣe gbogbo èyí. Ọmọ ọdún márùn-ún kò sí nínú ẹ̀kọ́ yìí rárá, kódà bí ẹ bá dúró tì í.

Ajá tó ti dàgbà tún wà, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn tàbí tí kò gbọ́ràn mọ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án lójú oorun, á ta gìrì, á sì kùn. Ẹ pè é, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Àǹtí Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo máa ń yọ̀ǹda ara mi níhìn-ín ní ibi tí wọ́n ń kó ajá tí kò ní olówó sí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ wa ni àwòrán àkàsọ̀ kan tí dókítà ẹran ará Bìrìtìkó kan, Kendal Shepherd, ṣe. Kíkùn kò sí ní ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ náà, òkè ló wà, ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré ló kù kó kan gígé jẹ. Kí ajá tó débẹ̀, ó ti kọ́kọ́ ń yán láìsí oorun, ó ń lá imú, ó ń gbójú sá, ó ń gbé ara yí padà, ó ń kúrò níbẹ̀, ó ń rọ etí mọ́lẹ̀, ó ń fi ìrù há ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á gan, ojú rẹ̀ á ranjú. Bí kò bá sí ẹni tó kà á sí, ló fi máa ń kùn. Ìyá, ẹ rántí pé ẹ ní ó dáwọ́ jíjẹ dúró láìgbé orí sókè. Gígan ara nìyẹn. Kí ó tó kùn ló ti sọ ọ́.

Ẹ bèèrè bóyá nǹkan kan náà ni gbogbo rẹ̀. Rárá o, ajá fúnra wọn mọ ìyàtọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Eötvös Loránd ní Budapest, lórílẹ̀-èdè Họ́ńgárì, gbé ìwádìí kan jáde ní 2010. Wọ́n gba ohùn ajá sílẹ̀ nípò mẹ́ta: nígbà tó ń ṣọ́ eegun tirẹ̀, nígbà tí àlejò kan ń bọ̀ wá bá a tìjà-tìjà, àti nígbà tó ń bá ènìyàn fa okùn ṣeré. Wọ́n wá gbé eegun kan sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ohùn pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ nínú àgò tí wọ́n fi aṣọ bò. Bí ajá mìíràn bá ti fẹ́ gbé eegun, wọ́n á gbé ọ̀kan nínú ohùn náà sí i. Àwọn tó gbọ́ kíkùn ti eegun ló ń fà sẹ́yìn jù. Ti àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhàlẹ̀ gidi ni, kò lé wọn tó bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ eegun kọ́ ni. Ẹ ò rí i pé ajá ń gbọ́ "tèmi ni" yàtọ̀ sí "má sún mọ́ mi"?

Àwa èèyàn náà kò kúkú di etí. Àwọn onímọ̀ yẹn tún gbé ohùn irú bẹ́ẹ̀ sí etí èèyàn, ìwádìí náà sì jáde ní 2017: ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn ló tọ̀nà, ti eré ni wọ́n mọ̀ jù. Àwọn obìnrin àti àwọn tó mọ ajá dáadáa ló ṣe é dáadáa jù. Kíkùn eré kúrú, ó ń yára tẹ̀ lé ara wọn. Ti ìjà gùn, ó ń fà.

Fún ìdí yìí, ti àkísà yẹn kò yẹ kó dẹ́rù bà yín, níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ bá rọ̀, tó ń fi àyà lélẹ̀ tó ń gbé ìdí sókè, tó ń jáwọ́ fúnra rẹ̀ tó tún ń padà wá. Bí ẹ bá rí i tó gan, tí kò fẹ́ jù ú sílẹ̀ mọ́, ẹ fi okùn sílẹ̀ fún un, kí eré parí síbẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Ìbàdàn

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo jókòó wò ó lánàá bí Dókítà ṣe ní kí n ṣe. Etí òsì ló ń ha, ó sì ń gbọn orí lẹ́yìn tó bá ha á tán. Mo ti bá bàbá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ó ti gbé pàṣán sílẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mi ò mẹ́nu bà. Nígbà tó wà ní kékeré la gún un ní abẹ́rẹ́, mi ò rí òmíràn nínú káàdì rẹ̀ láti ìgbà náà. Ihò sì wà lára ògiri ẹ̀yìn tí àwọn ajá ìta ń gbà wọlé. Ṣé ìyẹn ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kíkùn?

Nọ́ọ̀sì, Ìlọrin

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn falẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò pé ajá yín ní dìgbòlugi, ohun tí ẹ sọ jọ ti etí. Ṣùgbọ́n ajá tí àkókò abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kọjá, tí ajá ìta ń wọlé bá, kí ẹ gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá gbé e lọ fún etí. Láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń gún ọmọ ajá, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un gún níhìn-ín. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà lórílẹ̀-èdè wa, kì í ṣe ohun tó ṣòro rí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, bí ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án bá pé, tó jẹ́ ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, àwọn dókítà ẹran máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohùn ajá wà lára ohun tí àrùn náà ń yí padà. Ó máa ń mú iṣan ọ̀fun rọ, ohùn á há, gbígbó á dà bí ìgbà tí nǹkan há a lọ́fun, itọ́ á máa dà nítorí pé kò lè gbé e mì, ẹnu rẹ̀ ìsàlẹ̀ lè já wálẹ̀. Ajá tó máa ń ṣeré á sá sábẹ́ àga, èyí tó máa ń tijú á máa lọ bá àlejò. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti wá eegun tó há a. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ fi ń kó o nìyẹn.

Iṣẹ́ wa ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ní Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ jù, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn nínú ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú mẹ́wàá tí ẹranko tí wọ́n fura sí bá gé jẹ, mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, a kò ní ohun tí a lè fi gbà á là mọ́. Ṣùgbọ́n kí àmì tó yọ, a lè dá a dúró pátápátá.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tó ha á, tàbí tó lá ojú egbò: omi àti ọṣẹ lójú ẹsẹ̀, kí omi máa ṣàn sórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata, ẹ má fi eérú, ẹ má fi irun ajá náà sí i. Ẹ má dì í pinpin. Láti ibẹ̀, ilé ìwòsàn tààrà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gbà á pé. Bí ajá náà bá ṣeé dè, ẹ dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá náà kí ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ má sáré pa á. Ajá tí wọ́n ti pa tí wọ́n ti jù sí ààtàn kò lè sọ nǹkan kan fún wa mọ́.

Abẹ̀ní Ológbò, Òṣogbo

Mo rọra yọjú o. Ológbò mi náà máa ń kùn, bó bá ti gun itan mi ló ti ń ṣe "krr-krr". Ṣé ti ajá yìí kàn án?

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Abẹ̀ní, ìyẹn yàtọ̀. Ológbò tí ara tù ló sábà máa ń kùn bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń fà á símú tó ń mí síta ló ń kùn ún láìdá dúró. Ṣùgbọ́n èyí tó ń rọbí tàbí tí nǹkan ń dùn lè kùn bẹ́ẹ̀ náà. Bó bá ń kùn tí kò jẹun, tó káwọ́ kẹ́sẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, ẹ gbé e wá. Bó bá wá jẹ́ pé ó fún etí mọ́ orí, tó ń kùn wúwúwú bí ti ajá, ẹ fi í sílẹ̀ kíá.

Tísà Yorùbá, Ẹdẹ

Gbogbo ohun tí mò ń kà yìí jọ mí lójú, torí pé Yorùbá kò fún kíkùn ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo rí. Oyin ń kùn nínú igi, kò bínú sí ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ̀rọ ọlọ ń kùn. Inú ẹni tí ebi ń pa ń kùn. Èèyàn ń kùn sí ọ̀gá rẹ̀, bí kò bá sì rí ẹni bá sọ ọ́, á di ìkùnsínú, ìyẹn ló sì burú jù nínú wọn, torí pé etí kò gbọ́ ọ. Nínú Bíbélì, Ẹ́kísódù orí 16, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kùn sí Mósè àti Áárónì nínú aginjù. Kí ni wọ́n ń kùn sí? Oúnjẹ. Mánà àti àparò ló sì tẹ̀ lé e, kì í ṣe pàṣán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sí i bí ẹ bá ń kọ ọ́. Ẹni kan kọ "aja mi kun" lókè lọ́hùn-ún níjọ́sí, ẹnì kan dá a lóhùn pé ọ̀dà wo ló fi kùn ún.

Bàbá Alájá Mẹ́ta, Abẹ́òkúta

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì gbà pé ajá kò nílò ìbáwí o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọdẹ pé ohùn nìkan ni èèyàn ń gbà lẹ́nu rẹ̀, mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Ajá kan wà ládùúgbò wa tí kì í kùn, tí kì í gbó, tó fa ẹsẹ̀ ọmọ elépo ya. Wọ́n máa ń nà án dáadáa, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Dókítà, Boerboel mi ń kùn sí gbogbo ẹni tó bá kan géètì. Mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Kí ni kí n ṣe sí ti òun?

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Iṣẹ́ rẹ̀ ni lóòótọ́, Bàbá. Ẹ má dá a dúró, ẹ má sì pọ́n ọn lé sí i. Bó bá ti kùn, ẹ pè é wá sẹ́yìn, ẹ fún un ní nǹkan kó mọ̀ pé ẹ ti gbọ́, kí ẹ tì í mọ́lé kí ẹ tó ṣí géètì. Ẹ má sọ fún àlejò pé "kì í ṣe nǹkan, ẹ fọwọ́ pa á lórí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé èèyàn wá bá Nọ́ọ̀sì. Bó bá wà lórí ṣéènì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ máa tú u rìn, torí ajá tí kò ríbi sá sí kì í pẹ́ kó tó gun orí àkàsọ̀ tí Àǹtí sọ.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Ìbàdàn

Ẹ kú àdúrótì o. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran. Wọ́n fi nǹkan di ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó wo etí òsì. Eégbọn mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀kan ti wú bí hóró ẹ̀wà, inú etí pọ́n, ó sì ti ń ṣe ọyún. Wọ́n yọ wọ́n, wọ́n fún wa ní oògùn tí a ó máa kán sí i, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì. Bíríkìlà ti dí ihò ògiri náà.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti ń jẹun báyìí, a sì fi pákó dínà kí ọmọ má lè débẹ̀. Ó ṣì ń kùn bí mo bá sún mọ́ ọn jù, nítorí náà mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ju pọ̀nmọ́ sí i. Ìyá ọkọ mi ti gbà pé ká má tà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i pé etí náà jinná. Dókítà ibẹ̀ ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Àǹtí Peckham, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àwòrán àkàsọ̀ náà. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, níbi tí àwọn ọmọ ti ń wọ bàtà.

Àǹtí Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Mo ti fi ránṣẹ́ sínú àpótí yín, mo sì kọ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí èyí tó bá rí lára ajá náà, kó wá sọ fún yín.